Àpótí Ìfẹ̀rúnta: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Iṣẹ́ Ìbọ́pẹtà àti Ewu tí Orúkọ Lè Fà

Bí oníṣẹ́ ọkọ̀ bá fẹ́ bọ́ ìpẹtà kúrò lára irin kékeré, ọ̀nà mẹ́ta ni ó ti mọ̀ tipẹ́: kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kí ó fi sáńpépà gbo ó, tàbí kí ó rẹ ẹ́ sínú bẹntiróòlù tàbí ásíìdì títí ìdọ̀tí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ọ̀nà kẹrin wà tí ó yá ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Nínú rẹ̀, atẹ́gùn tí a ti fún pọ̀ ni ó ń gbé ẹ̀rún wíníwíní, tí ó sì ń jù ú lu irin náà pẹ̀lú agbára, títí ìpẹtà, ọ̀dà àtijọ́ àti èédú yóò fi ṣí kúrò. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe iṣẹ́ yìí ní sandblasting. Orúkọ yìí ni ó dá ìṣòro sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìwé nípa iṣẹ́ náà ní èdè Yorùbá, nítorí pé iyanrìn tí orúkọ náà dá lé lórí ni ohun kan tí kò yẹ kí oníṣẹ́ kankan dà sínú ẹ̀rọ náà.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti inú ìwé lásán. Ní Festac Town àti àwọn àdúgbò tí ó yí i ká ní Amuwo-Ọ̀dọ̀fin, ìpínlẹ̀ Èkó, iṣẹ́ títún ọkọ̀ ṣe gbilẹ̀ púpọ̀. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni ibẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ìlú tuntun náà fún àwọn àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún iṣẹ́-ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, ẹlẹ́ẹ̀kejì irú rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, tí ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì, ọdún 1977. Ní ọdún kan náà ni ìpàtẹ ọjà àgbáyé àkọ́kọ́ ti ìlú Èkó wáyé nínú ọgbà ńlá tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà Èkó sí Badagry, tí kò jìnnà síbẹ̀. Apá kan ọgbà náà ni ó ti di ọjà ASPAMDA, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti ẹ̀rọ. Púpọ̀ nínú ọjà wọn jẹ́ tòkunbọ̀. (Orúkọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi ni Tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnu ọjà ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-ìperí, kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan.) Kábúrétọ̀, orí ẹ́ńjìnnì kékeré, ilé ọ̀pá ẹ̀rọ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ tí ó ti pẹ́ nínú ọkọ̀ àtijọ́, tí wọ́n sì tún gba atẹ́gùn oníyọ̀ lórí òkun, kì í dé ní mímọ́. Ẹni tí ó bá lè fọ̀ wọ́n kí wọ́n dà bí tuntun yóò rí iṣẹ́ ṣe. Àpótí tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ náà láti òkè òkun wọ́n ju agbára oníṣẹ́ kékeré lọ, ṣùgbọ́n káfíńtà àti wẹ́dà tí ó mọ iṣẹ́ wọn lè kan án láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Kí a tó sọ bí a ṣe ń kan án, ó yẹ kí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbọn rẹ̀ yé olùkọ́ àti ògbufọ̀. Ẹni tí ó bá ti lo ohun èlò ìfọ́n-oògùn-ẹ̀fọn alápá ti ìgbà àtijọ́ rí ti mọ ìlànà náà tán, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a bá ti apá rẹ̀ síwájú, atẹ́gùn a sáré kọjá lórí ọ̀pá tóóró kan tí ìdí rẹ̀ wà nínú oògùn. Níbi tí atẹ́gùn bá ti ń sáré, agbára tí ó fi ń tẹ ohun tí ó yí i ká a dín kù; oògùn a gòkè wá nínú ọ̀pá, atẹ́gùn a sì gbé e lọ. Giovanni Battista Venturi, ará Ítálì tí ó gbé ayé láti 1746 sí 1822, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Nínú ìbọn àpótí yìí, ẹ̀rún ni ó dípò oògùn. Ọ̀nà méjì ni ó wọ inú ìbọn: atẹ́gùn gba ọ̀kan, ẹ̀rún gba èkejì láti ìsàlẹ̀ àpótí, àwọn méjèèjì sì jọ gba ẹnu ìbọn jáde.

Ẹnu ìbọn náà kéré, ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ jìn. Ihò tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 3 yóò mu atẹ́gùn tí ó tó ẹsẹ̀ oníhà-mẹ́ta 17 ní ìṣẹ́jú kan, bí agbára atẹ́gùn bá tó 80 lójú ìwọ̀n tí àwọn fọganáísà ń lò. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í sábà gbà ju 30 sí 35 lọ lójú ìwọ̀n kan náà. Bí ihò náà bá fẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni atẹ́gùn tí yóò máa mu. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kékeré tí fọganáísà ń gbé sí ẹ̀bá ọ̀nà fi lè ṣe iṣẹ́ náà fún ìgbà díẹ̀ nìkan, tí oníṣẹ́ yóò sì dúró kí táǹkì tún kún. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó bàjẹ́. Ìṣirò ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Bí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì kò bá sí, kí ó má ṣe gbójú lé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí aráyé ń pè ní «mo sàn ju aládùúgbò mi lọ», nítorí pé mọ́tò kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ a máa béèrè iná púpọ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra ju ìgbà tí ó bá ti ń yí lọ. Jẹnẹrétọ̀ tí ó bá sì lè gbé e, kí a gbé e jìnnà sí ibi tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti ń fa atẹ́gùn.

Nípa àpótí fúnra rẹ̀, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 90 ní ìbú, 60 ní jíjìn àti 60 ní gíga tó fún irin kéékèèké. Páànù nípọn-nípọn ni ó dára jù. Pákó pẹlẹbẹ olójú púpọ̀ lè ṣe é bí a bá fi rọ́bà bo inú rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rún tí ó bá tàsé irin yóò máa jẹ ògiri àpótí. Ara fíríìjì àtijọ́ náà a máa wúlò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò ni kí ó rí, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dagun gidigidi, ó kéré tán ìdajì igun òòró, kí ẹ̀rún tí ó ti ṣiṣẹ́ lè máa yí padà wá sí ojú kan tí ọ̀pá ìbọn yóò ti tún fà á. Lórí àrọ yìí ni a ó tẹ́ àwọ̀n irin tí iṣẹ́ yóò jókòó lé.

Ihò méjì ni a ó lu sí iwájú fún ọwọ́, kí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 16, kí àárín wọn sì bá èjìká ẹni tí yóò lò ó mu. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn tí ó dé ìgúnpá ni a ó fi irin òrùka dè mọ́ ihò náà. Òkè ihò ni dígí wà, ní ìdagun díẹ̀. Kí a fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lè pààrọ̀ bò ó láti inú, nítorí pé dígí tí kò ní ìbòrí kì í pẹ́ ṣú bí ojú arúgbó. Iná gílóòbù inú àpótí náà nílò irú ìbòrí yìí. Ilẹ̀kùn yóò wà ní ẹ̀gbẹ́, a ó sì fi fóòmù tàbí rọ́bà rírọ̀ yí etí rẹ̀ ká. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni wáyà ilẹ̀: ẹ̀rún tí ń sáré nínú rọ́bà a máa kó iná ẹ̀lẹ́tíríìkì jọ, yóò sì máa ta oníṣẹ́ lọ́wọ́ bí kò bá rí ọ̀nà gbà lọ sínú ilẹ̀. Kí a so wáyà mọ́ ìbọn àti àwọ̀n irin, kí a sì sìn ín.

Omi ni ọ̀tá kejì, pàápàá ní ìlú tí ó wà ní etí ọ̀sà bí Èkó. Atẹ́gùn a gbóná nígbà tí a bá fún un pọ̀. Bí ó bá ti tutù nínú táǹkì, ọ̀rinrin inú rẹ̀ a di omi. Omi yìí a po ẹ̀rún di ẹrẹ̀, ọ̀nà ìbọn a sì dí. Àgbámi kékeré kan ni a máa ń so sí ojú ọ̀nà atẹ́gùn, kí ó máa dá omi dúró. Kí a sì máa ṣí ìdí táǹkì ní àràárọ̀ kí omi inú rẹ̀ ṣàn dànù. Nígbà ọyẹ́, ìṣòro yìí a fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, òun ni yóò gba àárọ̀ oníṣẹ́.

Ọ̀tá kìíní ni ekuru, òun ni ó sì mú kí ọ̀rọ̀ orúkọ ṣe pàtàkì. Benjamin Chew Tilghman, ará Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ni ó gba ìwé-àṣẹ fún ọgbọ́n iṣẹ́ yìí ní 1870. Iyanrìn ni ó lò, iyanrìn ni wọ́n sì fi pe iṣẹ́ náà. Sílíkà ni ó pọ̀ jù nínú iyanrìn tí a mọ̀. Bí hóró rẹ̀ bá ti lu irin, a fọ́ sí wẹ́wẹ́, èyí tí ó kéré jù nínú àfọ́kù náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìnípọn irun orí. Imú kò lè sẹ́ irú rẹ̀. Yóò wọ ibi tí ẹ̀dọ̀fóró ti ń gba atẹ́gùn sínú ẹ̀jẹ̀, kò sì ní jáde mọ́. Ara yóò máa fi àpá yí i ká. Àpá yóò máa pọ̀ sí i, ẹ̀dọ̀fóró yóò máa le, èémí yóò máa kúrú. Kò sí oògùn tí ó lè dá a padà. Ó tún ń ṣí ọ̀nà fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n sì máa ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ní 1949 tí kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ fi iyanrìn fọ irin dídà mọ́. Ní 1974, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà dámọ̀ràn kí wọ́n fòfin de iyanrìn nínú iṣẹ́ náà. Ní 1997, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka irú ekuru sílíkà yìí mọ́ ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ní Tọ́kì, àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi iyanrìn sọ aṣọ jíǹsì di bí ògbólógbòó kó àrùn náà lọ́pọ̀lọpọ̀, ìjọba sì fòfin de iṣẹ́ wọn ní 2009. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni. Ní 1975, àwọn dókítà kọ ìròyìn jáde nípa àrùn kan náà lára àwọn tí ń gbẹ́ ọlọ ní àríwá Nàìjíríà. Wọn kò ní ìbọn, wọn kò ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀; òkúta àti ekuru rẹ̀ tó.

Ní Amuwo-Ọ̀dọ̀fin, iyanrìn kò wọ́n. Wọ́n ń wà á láti inú ọ̀sà, wọ́n ń kó o jọ gègèrè sí ẹ̀bá ọ̀nà fún àwọn bíríkìlà. Ọmọṣẹ́ tí ó bá gbọ́ pé «iyanrìn» ni orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò mú garawa, yóò lọ bù ú, yóò sì rò pé òun ti rí ohun èlò lọ́fẹ̀ẹ́. Ògbufọ̀ tí ó bá tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sí «ìfiyanrìnfọrin» kò tíì ṣe àṣìṣe kankan ní ti gírámà. Bí a bá fi àwọn ìlànà tí a mọ̀ wò ó, pàápàá àwọn tí ó hàn nínú Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, ọ̀rọ̀ náà kúnjú ìwọ̀n: ó ṣàpèjúwe, ó rọrùn láti pè, kò sì ní ìtumọ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ó ti fi ìtọ́ni burúkú sínú orúkọ. Àyálò kò sì gbà wá sílẹ̀. «Sáńbúláàsì» yóò wà lẹ́nu ọmọṣẹ́ bí «sáńpépà» ti wà, ẹni tí ó bá sì mọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ yóò ṣì gbọ́ iyanrìn nínú rẹ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ń yẹra fún ọ̀rọ̀ náà nínú òfin àti ìwé ìmọ̀ wọn. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ kan tí kò dárúkọ iyanrìn dípò rẹ̀. Kò bọ́gbọ́n mu kí Yorùbá lọ gbé ohun tí onílé ti sọ nù.

Kí ni a ó wá fi dípò iyanrìn? «Ẹ̀rún» ni ó yẹ. Ohun tí a bá rún ni ẹ̀rún, irú ohun yòówù tí ì báà jẹ́. Ó gba dígí, ó gba irin, ó gba èèpo ekùrọ́ tí a lọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó le díẹ̀. «Fọ̀» ń mú ọkàn lọ sí omi. «Gbo» àti «ha» jẹ́ iṣẹ́ tí ohun èlò kì í ti í kúrò lára ohun tí a ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rún yìí a lu irin lẹ́ẹ̀kan, a sì ta padà. «Fọ́n» sọ ti ìjáde láti ẹnu ìbọn, kò sọ ti ìkọlù. «Ta» ni ó sọ méjèèjì pọ̀: a ń ta ọfà, epo gbígbóná a máa ta sí ni lọ́wọ́, ẹrẹ̀ a máa ta sí ni láṣọ. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun kan gbéra láti ibì kan, ó sì ba ibòmíràn pẹ̀lú agbára.

Bí a bá so «ta» àti «ẹ̀rún» pọ̀ tààrà, «ìtẹ̀rún» ni yóò jáde, èyí kò sì dára, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé «tẹ̀» àti «rún» ni, bí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan tí ó sì rún un. Bí a bá gba ọ̀nà «fi ẹ̀rún ta irin», «ìfẹ̀rúnta» ni a ó rí, tí ìhun rẹ̀ bá ti «ìfọwọ́kàn» àti «ìfaradà» dọ́gba. Láti inú rẹ̀ ni àpótí ìfẹ̀rúnta, ìbọn ìfẹ̀rúnta àti afẹ̀rúnta, èyí tí í ṣe oníṣẹ́ náà, ti lè jáde láìsí wàhálà. Ẹ̀rún onígun ni ti álúmínà àti irin wẹ́wẹ́ tí ń gé ìpẹtà. Ẹ̀rún roboto ni ti dígí kíkiri tí kì í gé nǹkan, tí ó kàn ń lu ojú irin kí ó jọ̀lọ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún oníṣẹ́: kábúrétọ̀ fẹ́ ẹ̀rún roboto àti agbára atẹ́gùn bí 40 sí 60, nígbà tí irin dúdú tí ó ti dógùn-ún lè gba ẹ̀rún onígun ní 80.

Ọ̀rọ̀ «ìpẹtà» pàápàá fẹ́ àtúnyẹ̀wò. Yorùbá a máa sọ pé irin dógùn-ún, tàbí pé ó dípẹtà. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sì lo «ìpáàrà». Wọn kì í ṣe ìyàtọ̀ láàárín wọn nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú funfun tí ó bo kábúrétọ̀ kì í ṣe ohun pupa tí ó bo irin dúdú. Yóò ran olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ bí a bá fi ìpẹtà sílẹ̀ fún irin dúdú nìkan, kí ìpáàrà sì jẹ́ orúkọ fún jíjẹ tí afẹ́fẹ́, omi àti iyọ̀ ń jẹ onírúurú irin. Fún àrùn tí sílíkà ń fà, «àrùn ekuru-òkúta» kúnjú ìwọ̀n, nítorí pé ó pa agbẹ́lọ àti afẹ̀rúnta pọ̀, ó sì tọ́ka sí ekuru tí ojú kò rí, kì í ṣe hóró tí ọwọ́ lè bù.

Pípààrọ̀ ẹ̀rún kò sọ ekuru di òfo. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Pádì bíréèkì àtijọ́ lè ní asibẹ́sítọ̀sì, kò sì yẹ kí ó wọ inú àpótí náà rárá. Nítorí náà, àpótí gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde gba inú asẹ́, kí ohun tí ń wọlé láti ojú ihò kéékèèké má jẹ́ kí ekuru rí ọ̀nà jáde. Ẹ̀rọ afàdọ̀tí inú ilé lè ṣe é, bí a bá fi garawa onídèérí sí àárín kí ẹ̀rún tí ó wúwo kọ́kọ́ já sínú rẹ̀. «Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀» ti fìdí múlẹ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́, kò sì sí èrè nínú bíbá a jà. Ṣùgbọ́n «ẹwìrì» àwọn alágbẹ̀dẹ wà nílẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ń lé afẹ́fẹ́ láìtọ́jú rẹ̀ pamọ́, a sì lè pe eléyìí ní ẹwìrì ìfakuru. Ọ̀nà tí a lè gbà dán an wò rọrùn: kí a tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, kí a gbé e sí etí ilẹ̀kùn àti ìdí ìbọ̀wọ́ nígbà tí ẹwìrì bá ń ṣiṣẹ́. Èéfín gbọ́dọ̀ máa wọlé. Bí ó bá ń sá sẹ́yìn, ibẹ̀ ń jò. Kí oníṣẹ́ dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìbọn kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn, kí ó sì fi ìbòmú tí a ṣe fún ekuru kíkúnná bo imú. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò dá nǹkan kan dúró.

Lẹ́yìn iṣẹ́, gbogbo irin tí ó ní ihò ọ̀nà epo ni a gbọ́dọ̀ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀, kí a sì fi atẹ́gùn fẹ́ inú rẹ̀, torí hóró dígí kan tí ó bá kù nínú ẹ́ńjìnnì lè ba ojú ìyípo jẹ́. Ní ti ẹ̀rún tí ó ti rún kọjá ìlò, tí ó ti di lẹ́búlẹ́bú pọ̀ mọ́ ìpẹtà àti ọ̀dà nínú àrọ, kò tíì ní orúkọ tirẹ̀. «Ekuru» kò tó, «ìdọ̀tí» sì fẹ̀ jù. «Ìkù-ẹ̀rún» ni ó sún mọ́ ọn jù lọ títí di ìsinsìnyí, orúkọ náà sì yẹ kí ó wà lára ike tí a ó dà á sí, kí ọmọ kékeré má baà rò pé iyanrìn ìṣeré ni.